Ìwé Orúkọ Àwọn Afipábánilòpọ̀ ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà

Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni káúntì Stearns ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Oko àgbàdo àti màlúù oníwàrà ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1989, Jacob Wetterling, ọmọ ọdún 11, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ wọn kan, ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ilé ìtajà kan ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ St. Joseph. Ọkùnrin kan tó bo ojú rẹ̀, tó sì gbé ìbọn dání, dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ó ní kí àwọn méjì yòókù sáré, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Jacob nìkan ló mú lọ.

Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, kò sí ìwé kankan tí àwọn ọlọ́pàá lè ṣí láti mọ ẹni tó ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí tó sì ń gbé nítòsí. Patty Wetterling, ìyá ọmọ náà, gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ àwọn aṣòfin lọ, Minnesota sì ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ní 1991. Ní 1994, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Jacob sọ òfin tó ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá kọ̀ yóò pàdánù lára owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran iṣẹ́ agbófinró lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ kí owó bọ́ lọ́wọ́ òun?

Kì í ṣe pé irú ìwé yìí kò tíì sí tẹ́lẹ̀. California ti ní i láti 1947, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló mọ. Ìpínlẹ̀ Washington ló kọ́kọ́ ṣòfin, ní 1990, pé kí a máa sọ fún aráàlú. Lẹ́yìn náà ni ti Megan Kanka, ọmọ ọdún 7 tí aládùúgbò rẹ̀ pa ní New Jersey ní 1994. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti dá ọkùnrin náà lẹ́bi rí nítorí ọmọdé. Láti 1996 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa kéde ohun tó bá yẹ kí aráàlú mọ̀. Àwọn kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ìyà tuntun lórí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ni ìkéde yìí. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá wọn lóhùn ní 2003, nínú ẹjọ́ tó wá láti Alaska, pé kì í ṣe ìyà, ètò ààbò ìlú ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko yàtọ̀ sí ti ìlú ńlá. Ní Minnesota, kí ẹlẹ́wọ̀n tó jáde, ìgbìmọ̀ kan á jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi í sí ìpele 1, 2 tàbí 3, bí ewu tí wọ́n rí lára rẹ̀ bá ṣe tó. Ti ìpele 1 kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọ̀dọ̀ agbófinró. Ti ìpele 2 ń dé etí ilé ìwé àti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ. Ìpele 3 ni gbogbo ayé ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ 5 ṣáájú, ẹni tí kò sì nílé lórí gbọ́dọ̀ fara hàn lọ́dọ̀ agbófinró lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹni ìpele 3 bá ń bọ̀ wá sí ìlú kékeré, wọn a máa pe ìpàdé. Agbófinró á pín bébà tó ní àwòrán ẹni náà, ohun tó ṣe àti àdúgbò tó fẹ́ máa gbé. Wọ́n á sọ ọ́ kedere pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tán, pé ọlọ́pàá kò wá a, àti pé ẹni tó bá lọ dà á láàmú yóò fojú winá òfin. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn nìyí. Bí bébà yẹn bá ti jáde, ìyàwó ẹni náà àti ọmọ rẹ̀ nílé ìwé ló ń bá a pín nínú ìtìjú náà.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn le ju báyìí lọ. Ní 2002, Iowa ṣòfin pé ẹni tó bá ti ṣẹ ọmọdé kò gbọ́dọ̀ gbé níbi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 2,000 sí ilé ìwé tàbí ibi ìtọ́jú ọmọ. Òfin náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ilé kankan sílẹ̀ fún wọn nínú ìlú. Àwọn kan bọ́ sí oko àti hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn kan ń sùn nínú ọkọ̀, iye àwọn tí ọlọ́pàá kò mọ ibi tí wọ́n wà sì ń pọ̀ sí i. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn káúntì gan-an ló bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n yí i padà, wọ́n sì dín in kù ní 2009. Lójú tèmi, òfin tó lé ẹni tí à ń ṣọ́ kúrò lójú ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ṣe ìlú lóore.

Ààlà tó wà láàárín ìpínlẹ̀ pàápàá ti dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, wọ́n jí Dru Sjodin, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, gbé ní Grand Forks, North Dakota. Ẹni ìpele 3 ní Minnesota, tó ń gbé ní Crookston lódìkejì ààlà, ló pa á. Ẹni tó bá wo ìwé North Dakota nìkan kò lè rí orúkọ rẹ̀. Ní 2005 ni wọ́n ṣí ojúlé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wo ti gbogbo ìpínlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi orúkọ Dru sọ ọ́, nínú òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Adam Walsh. Òfin yẹn kan náà ló ní kí àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn le jù máa fara hàn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta títí ọjọ́ ikú.

Ní 2016 ni wọ́n tó rí òkú Jacob nítòsí Paynesville, ní káúntì Stearns kan náà. Ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun pa á ń gbé ní Paynesville nígbà tó mú ọmọ náà lọ. Àwọn ọlọ́pàá ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nígbà náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Wọn kò tíì dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ kankan rí, nítorí náà, ká ní ìwé wà ní 1989, orúkọ rẹ̀ kì bá tí sí nínú rẹ̀. Ẹni ilẹ̀ mọ́ bá ni barawo. Patty Wetterling fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òfin náà ti gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá níbi tó ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọdé sílẹ̀.

Lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé tirẹ̀ láti 1997, ṣùgbọ́n kì í ṣí i fún aráàlú. Òbí tó bá ń fura sí ẹnì kan lè béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní Nàìjíríà, òfin VAPP ti 2015, tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ló pàṣẹ ìwé tí gbogbo ènìyàn lè wò, NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, sì ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2019.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, nsopw.gov, ojúlé ti gbogbo ìpínlẹ̀ yẹn, ni kí ẹ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè fi orúkọ ènìyàn tàbí káúntì wá a. Bí ẹ kò bá rí orúkọ ẹni tó fẹ́ máa bá yín mójú tó ọmọ níbẹ̀, ẹ ṣì wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì gbọ́ ti ẹnu ọmọ náà.