Tomcod: Ẹja Tí Òtútù Kò Lè Lé Sá

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹja kékeré kan tí ń gbé etí òkun tútù Àríwá Amẹ́ríkà, láti Labrador títí dé Virginia, tí í ṣe ìbátan pánlá gbígbẹ tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní tomcod: cod ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Tom sì ni ìgékúrú Thomas. Wọ́n tún ń pè é ní ẹja ìrì dídì, èyí ni mo sì gbà pé ó yẹ ẹ́ jù, nítorí pé nígbà tí ọyẹ́ ibẹ̀ bá mú dé góńgó, tí odò di líle bí òkúta, ìgbà náà gan-an ni ó ń wọ inú odò lọ yé ẹyin lábẹ́ omi dídì, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó gan.

Ṣùgbọ́n àwọn Mi'kmaq, onílẹ̀ àtayébáyé, ni ó sọ ọ́ lórúkọ tí ó wú mi lórí: punamu, èyí tí àwọn elédè Faransé ilẹ̀ Kánádà sọ di poulamon. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ pàápàá, tí wọ́n ń pè ní Punamujuiku's ní èdè Mi'kmaq, ọ̀dọ̀ ẹja yìí ni ó ti gba orúkọ.

Ní Sainte-Anne-de-la-Pérade, ní Quebec, wọ́n ń kọ́ ahéré onípákó sórí odò dídì, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á ju ìwọ̀ sí i. Ẹja aláwọ̀ ilẹ̀ náà, tí irùngbọ̀n kan ṣoṣo rọ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀, á sì jáde.