Kí Ilé Iṣẹ́ Tó Dé Agége

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń gba Agége lọ sí Ìkẹjà, ẹ má rò pé ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ìlú o. Oko ni! Captain J.P.L. Davies ti gbin kòkó lápá ibẹ̀ ní nǹkan bí 1880. Ní 1907, J.K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní nǹkan bí 1912. Rélùwéè yìí ló wá ń gbé gbànja Agége lọ sókè Ọya. Òwò obì yìí sì wà lára ohun tó mú Háúsá pọ̀ níbẹ̀.

Rélùwéè tuntun ti ń ṣiṣẹ́ láti 2021, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ti àwọn àgbẹ̀ náà fún ọmọ tó ń wọ̀ ọ́? Ẹ tọ àwọn àgbà Agége lọ, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ tán.