Ọ̀rọ̀ ṣáájú ohùn: Bí ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò ṣe ń múra orin Kérésì sílẹ̀

Òjò kì í tíì dá tán nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn akọrin yóò ti máa kọ orin Kérésì. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé ìjọsìn kọjá nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, lè dúró kó rẹ́rìn-ín, kó ní kí ló kan orin ìbí Jésù nígbà tí iṣu tuntun ṣì wà lọ́jà. Olúwarẹ̀ kò mọ bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó ni.

Ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìjọ kan ṣoṣo. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, Kérúbù àti Séráfù, pẹ̀lú àwọn ìjọ tó dé lẹ́yìn wọn, ló máa ń para pọ̀ síbẹ̀. Wọ́n á fi oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ kọ́ orin, wọ́n á sì kọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò lálẹ́ ọjọ́ kan péré nínú oṣù Kejìlá. Tísà wà nínú wọn, aránṣọ wà níbẹ̀, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, ìyálọ́jà àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama náà wà níbẹ̀. Àwọn tó lè ka àmì orin lórí ìlà nínú wọn kì í pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbowó oṣù nídìí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀ ni ọjọ́ ìdánrawò tí wọ́n fi sí ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ náà gba àròjinlẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kò dára, nítorí pé òun ni ọjọ́ ìgbéyàwó, ìsìnkú àti òwàǹbẹ̀, ẹni tó sì ti jókòó sábẹ́ àgọ́ láti àárọ̀ kò ní ohùn tí yóò fi kọrin lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń lo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ 14 ni àkókò tó wà nílẹ̀. Bí ìdánrawò bá gba wákàtí 2 lọ́sẹ̀, wákàtí 28 nìyẹn. Kí wọ́n yọ ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n yọ ọjọ́ Òmìnira àti ìdajì wákàtí tí àwọn apẹ́lẹ́yìn ń bá wọn jẹ, bóyá ni ohun tó kù yóò ju wákàtí 22 lọ. Bí orin bá sì jẹ́ 12, kò pé wákàtí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùdarí tí kò bá ṣe ìṣirò yìí ní oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kejìlá ni yóò bá a ṣe é.

Ètò tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé lọ́jọ́ náà ni ti ẹ̀kọ́ Bíbélì mẹ́sàn-án, tí orin máa ń wà láàárín wọn. Ìlú Truro nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Bíṣọ́ọ̀bù Edward White Benson ti ṣe é ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ọdún 1880. King's College ní Cambridge bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1918, rédíò BBC sì kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ ní 1928, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri. Àwọn tó láyà jù máa ń fi díẹ̀ kún un nínú Messiah, iṣẹ́ Handel. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ìgbà Kérésì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́: ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1742 ni, ní Dublin. Halelúyà tí gbogbo ènìyàn máa ń dìde dúró fún wà ní ìparí apá kejì, níbi tí a ti ń sọ ti ìjìyà àti àjíǹde Olúwa. Apá kìn-ín-ní ló jẹ́ ti ìbí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí tẹ́nọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tí kò sì ní ju wákàtí 22 lọ́wọ́, ì bá fi Messiah sílẹ̀ fún àwọn tó ní àyè rẹ̀.

Iṣẹ́ tó le jù fún akọrin Yorùbá kò sí nínú Handel. Inú orin tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn ti mọ̀ láti kékeré ló wà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé Badagry ní 1842, orin ìjọ ilẹ̀ wọn ni wọ́n mú wá. Nígbà tó yá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin wọ̀nyẹn sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í yí ìtumọ̀ padà nítorí pé ohùn orin lọ sókè tàbí ó wálẹ̀. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ tí kò lè ṣàì wọ inú orin Kérésì: “ìyá Jésù.” Dò-mí ni “ìyá.” Bí ohùn orin bá dúró sójú kan náà nísàlẹ̀ lórí sílébù méjèèjì, “ìyà” ni olùgbọ́ yóò gbọ́, Màríà á wá di ìyà Jésù. Bákan náà ni “wọ́n bí i.” Bí orin bá gbé “bí” sílẹ̀, tó sì gbé “i” sókè, àwọn èrò lè gbọ́ ọ bí “wọ́n bì í,” bí ìgbà tí wọ́n ti ọmọ ọwọ́ ṣubú. Akọrin tó ń wo ìwé kò ní mọ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ ti sọ ìtumọ̀ fún un. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn, tí kò ní ìwé lọ́wọ́, ló ń gbọ́ ohun tí wọ́n kọ gan-an.

Kì í ṣe òní ni àwọn olórin wa ti rí èyí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tó fi ohùn ilẹ̀ wa ṣe orin ìjọ. Ó gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo Zonophone ní London ní 1922. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù tó sì darí orin ní Kàtídírà Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962, gbé ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, nínú èyí tó ti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin ṣe so pọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ohun tí olùdarí ẹgbẹ́ àdúgbò lè rí mú lò nínú iṣẹ́ wọn kò ṣòro. Kí ẹnikẹ́ni tó kọrin, kí gbogbo wọn ka ọ̀rọ̀ orin náà sókè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n kà á ní dò, re, mí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn nílé ìwé. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sol-fa orin náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń gòkè tí orin ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi pẹ́ńsù fàlà sí i. Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ló ń ba ìtumọ̀ jẹ́. Etí àwọn ènìyàn ń dárí ji púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó bá yí ìtumọ̀ padà pátápátá ni kí wọ́n tún ṣe: bóyá kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan, bóyá kí wọ́n yí ohùn orin díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi orin náà sílẹ̀ kí wọ́n mú èyí tí a ti inú Yorùbá ṣẹ̀dá.

Ibi tí ohùn mẹ́rin bá ti wọ̀ ọ́ ló tún le sí i. Bí tírébù bá tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ dáadáa, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì lè máa gba ọ̀nà tiwọn lọ, kí báàsì máa wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹnì kan lé orin, kí àwọn yòókù gbè é, tàbí kí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa gòkè, kí wọ́n jọ máa sọ̀. Èyí kò jìnnà sí bí àwọn bàbá wa ṣe ń kọrin lágbo kí ìwé orin tó dé.

Wàhálà mìíràn tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àdúgbò nìkan ni pé ìwé orin ìjọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ohùn orin lè jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Bí wọn kò bá fẹnu kò lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní lórí èyí tí wọ́n máa lò, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ọjọ́ tí ojú bá ti pé wọn ni olúkálùkù yóò padà sí èyí tó mọ́ ọn lára.

Ní ti bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń tẹ̀ léra, méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń yan orin, tí wọ́n sì ń dán ohùn wò. Ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì dá ohùn mọ̀ dáadáa kò yẹ ní lílé lọ. Kí wọ́n fi í sáàárín ẹni méjì tí ohùn wọn dúró ṣinṣin, ó lè bọ́ sí i kí oṣù Kẹwàá tó parí. Orin tó ṣòro jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, nígbà tí ara ṣì yá. Títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ohùn kọ̀ọ̀kan á máa lo wákàtí kìn-ín-ní lọ́tọ̀, wọ́n á wá pàdé ní wákàtí kejì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, kí wọ́n máa gbé ìwé sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ló dára láti pe àgbàlagbà kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́, kí ó jókòó sẹ́yìn láìní ìwé, kí ó sì sọ ohun tó gbọ́ lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má bá a jiyàn. Ohun tí kò bá gbọ́ ni wọn kò tíì kọ.

Nígbà tó bá fi máa di ìparí oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ lè ti máa fẹ́, eruku á wà lójú ọ̀nà, ọ̀fun á sì máa gbẹ. Àwọn akọrin kan gbà pé orógbó ló ń la ohùn, àwọn mìíràn a máa lá oyin. Kò sí ìjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi mímu láti àárọ̀ ọjọ́ náà àti àìpariwo ló ṣeé gbára lé jù. Olùdarí tó gbọ́n á dín bí wọ́n ṣe ń kọrin sókè kù lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ìdánrawò ìkẹyìn, ibi tí wọ́n ti máa kọrin gan-an ni kí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n mọ ibi tí olúkálùkù yóò dúró sí, bí wọ́n ṣe máa wọlé àti ẹni tí yóò fún wọn ní ohùn ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yan orin kan, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ àti dùùrù, kí wọ́n sì kọ ọ́ tán nínú òkùnkùn. Iná lè lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.