Ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ sọ́fítíwíà ní ìpele Másítà ní ilẹ̀ Yewa

Iṣẹ́-ẹ̀rọ sọ́fítíwíà jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń ṣe àyẹ̀wò bí a ṣe ń gbèrò sọ́fítíwíà, bí a ṣe ń kọ ọ́, bí a ṣe ń dán an wò àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, pàápàá èyí tí ó tóbi débi pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a kọ, tí a sì fẹ́ kí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó ń kà á fún oyè Másítà ti gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó wá kọ́ ni ìdí tí iṣẹ́ tí ó dára lónìí fi ń dàrú bí ọdún díẹ̀ bá ti kọjá, àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yewa, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀kọ́ yìí jìnnà sí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílùú wọn. Kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀ nìkan ló fà á. Irú ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ní lọ́wọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìtàn ní ṣókí

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà gbajúmọ̀ láti ìgbà ìpàdé tí ìgbìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àjọ NATO ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Garmisch, Jámánì, ní oṣù kẹwàá ọdún 1968. Nǹkan bí 50 onímọ̀ ló péjọ síbẹ̀, nítorí pé sọ́fítíwíà ìgbà náà ti ń tóbi ju agbára àwọn tí ń kọ ọ́ lọ: ó ń pẹ́ kí ó tó parí, owó rẹ̀ ń kọjá iye tí a dá lé e, àṣìṣe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1979, Yunifásítì Seattle ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Másítà lórí rẹ̀, èyí tí a sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá Pólì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ìlaròó.

Ní Nàìjíríà, abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni a ti ń kọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ibùdó kan fún un, OAK-Park, ọ̀kan lára àwọn ibùdó ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í ràn lọ́wọ́ ní ọdún 2014. Ní ti oyè àkọ́kọ́, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC gbé jáde ní ìparí ọdún 2022 ni ó fún iṣẹ́-ẹ̀rọ sọ́fítíwíà ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà.

Àwọn ìlànà rẹ̀

Ìlànà tí ó gbilẹ̀ jù ni ti pípín iṣẹ́ sí abala. David Parnas kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1972, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Másítà ṣì ń kà. Àṣà ìgbà náà ni kí a pín sọ́fítíwíà bí iṣẹ́ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn: abala tí ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, èyí tí ń tò ó, èyí tí ń gbé e jáde. Parnas ní kí a kọ́kọ́ wo àwọn ìpinnu tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí padà lọ́la, kí a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pamọ́ sínú abala tirẹ̀, kí àyípadà kan má baà da gbogbo iṣẹ́ rú.

Orúkọ Yorùbá ṣàlàyé èyí dáadáa. Lẹ́tà méje ni ó wà nínú Adébọ́lá. Nínú Unicode, tí í ṣe ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, á ní tirẹ̀, ọ náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni a fi ń kọ ọ́. Nítorí náà kọ̀ǹpútà lè ka Adébọ́lá sí mẹ́jọ. Bí kíbọ́ọ̀dù mìíràn bá wá ya gbogbo àmì sọ́tọ̀, yóò kà á sí mọ́kànlá. Lójú ènìyàn, orúkọ kan náà ni. Lójú sọ́fítíwíà tí a kò gbèrò rẹ̀ dáadáa, ènìyàn méjì ni, a sì lè sọ fún ẹni tí ó ni orúkọ pé kò sí ìwé rẹ̀ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ a máa tún irú àṣìṣe yìí ṣe níbi tí ó ti rí i. Ti Másítà yóò wádìí ibòmíràn tí ó lè fara pamọ́ sí, yóò kó ìpinnu nípa bí a ṣe ń tọ́jú lẹ́tà sínú abala kan tí gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ gbà kọjá, yóò sì kọ ìdánwò tí ó ní ẹ́ àti ọ́ nínú kí sọ́fítíwíà náà tó dé ọwọ́ aráàlú. Irú èrò abala yìí hàn nínú iṣẹ́ tí Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fọhùn ní èdè Yorùbá.

Ìlànà mìíràn ta ko ohun tí ọmọ àgbẹ̀ mọ̀. Nínú àáró àti ọ̀wẹ̀, bí ọwọ́ bá ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Frederick Brooks, tí ó darí iṣẹ́ sọ́fítíwíà OS/360 ní iléeṣẹ́ IBM, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1975 pé bí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́ ju àkókò rẹ̀ lọ, fífi ènìyàn kún un a tún máa mú un pẹ́ sí i: a ó fi àkókò kọ́ àwọn àlejò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní láti bá ara wọn sọ yóò sì pọ̀ sí i.

Ọ̀nà láti Ìlaròó

Ìlaròó ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, Ayétòrò sì ni ti Àríwá Yewa. Ẹ̀gbádò ni a ń pe agbègbè náà títí di ọdún 1995. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọgbà Yunifásítì Olabisi Onabanjo tí ó wà ní Ayétòrò dá lé. Ìwé-ẹ̀rí ND àti HND ni a mọ pólì Ìlaròó mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ Másítà yóò forí lé Ọ̀tà, Abẹ́òkúta, Èkó, Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gba ẹni tí ó ní HND sí ẹ̀kọ́ Másítà tààrà; wọ́n á ní kí ó kọ́kọ́ gba dípólómà PGD. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: ọdún méjì fún ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ọdún méjì fún HND, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, àti PGD tí ó sábà máa ń gba ọdún kan. Ọdún méje nìyẹn. Ẹni tí ó ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ọlọ́dún mẹ́rin ní yunifásítì yóò dé ẹnu ọ̀nà kan náà lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin kan láti fòpin sí ìyàtọ̀ tí a ń fi sáàárín HND àti oyè yunifásítì.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìlànà ẹ̀kọ́ Másítà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, GSwE2009, retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà fún ọdún méjì ó kéré tán. Ọdún kan tí ọmọ pólì lò lẹ́nu iṣẹ́ sún un mọ́ ohun tí ìlànà náà ń béèrè, síbẹ̀ a kì í kà á sí nǹkan kan nígbà ìgbaniwọlé nílé.

Ní òdìkejì ẹnubodè

Láti Ìlaròó sí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò jìnnà tó Ilé-Ifẹ̀ rárá. Ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, Yunifásítì Abomey-Calavi ní iléèwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan, IFRI, àti iléèwé ìmọ̀ ìṣirò IMSP ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, ọdún mẹ́ta ni oyè àkọ́kọ́ ń gbà, Másítà sì ń gba ọdún méjì.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian tú àṣírí bí akọ̀ròyìn rẹ̀ kan ṣe gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé òun ti dá ìyẹ̀wò àwọn ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Orúkọ orílẹ̀-èdè méjèèjì ni ìkéde náà dá, kì í ṣe ti iléèwé tí a ká ẹ̀sùn mọ́ lọ́wọ́ nìkan, ó sì kan ẹni tí ó fi ọdún márùn-ún jókòó kàwé níbẹ̀ bí ó ṣe kan ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ra tirẹ̀.