Ẹ̀sùn Ìmọ̀ọ́mọ̀ Tan Àrùn Kálẹ̀: Àyẹ̀wò Ẹ̀rí Tí Wọ́n Fi De Ìsìn Ṣọ̀pọ̀nná ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí àwọn aláṣẹ òyìnbó fi kan ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, agbára káká ni èyí tí ó wúwo tó èyí tí wọ́n fi kan àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná. Ẹ̀sùn náà ni pé àwọn àwòrò wọ̀nyí kì í ṣe olùtọ́jú aláìsàn nìkan. Pé àwọn gan-an ni wọ́n ń mú àrùn láti ara ẹni tí ó ń ṣe, tí wọ́n sì ń fi í ran ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí wọ́n lè rí ẹrù òkú kó. Lórí ẹ̀sùn yìí ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin tí ó de ìsìn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ yọ nínú ìwé ìtàn ìṣègùn, nígbà mìíràn láìsí ẹni tí ó bèèrè ẹ̀rí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti gbé ẹ̀rí náà yẹ̀ wò. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó dá lé. Kí ni ó mú kí ẹ̀sùn náà ṣeé gbà gbọ́? Ta ni ó jẹ́rìí sí i, báwo sì ni ìjẹ́rìí náà ti lágbára tó? Ǹjẹ́ òfin tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni ó ṣẹ́gun àrùn náà? Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀rí tí ó wà tó láti sọ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, bóyá tí ó tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbì kan. Ṣùgbọ́n kò tó láti dá gbogbo àwọn olùsìn òrìṣà kan lẹ́bi.

Ṣọ̀pọ̀nná àti Agbára Àwọn Àwòrò Rẹ̀

Orúkọ kan náà ni Yorùbá fi ń pe òrìṣà yìí àti àrùn tí ó fi ń jà. Ẹni tí ó bẹ̀rù rẹ̀ kì í pe orúkọ náà ní gbangba, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Baba, Olóde, Ilẹ̀gbóná tàbí Ọbalúayé ni wọ́n ń pè é. Ìgbàgbọ́ ni pé ẹni tí Baba bá mú lọ, ọba ni ó mú un. Nítorí náà àwọn ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún òkú rẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n gbọdọ̀ dá. Àwọn àwòrò ni wọ́n ń sin òkú náà, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí ẹrù rẹ̀. Ẹbí tí ó bá kọ̀ yóò máa fi ìbẹ̀rù sùn, kí Baba má baà padà wá sí agbo ilé wọn.

Ọ̀nà méjì ni àṣà yìí ṣeé gbà wò. Ní ọ̀nà kìíní, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe àrùn náà rí tí kò kú kì í sábà ṣe é mọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè fọwọ́ kan aláìsàn tàbí òkú láìséwu. Bí ẹbí kò bá pé jọ sọ́fọ̀, tí wọn kò sì pín aṣọ òkú láàrin ara wọn, ó ṣeé ṣe kí àrùn náà má rí ọ̀nà kọjá sí ara ẹlòmíràn. Ní ọ̀nà kejì, ẹni tí ó ń jẹ èrè ikú ni ojú kọ́kọ́ máa ń wò nígbà tí ikú bá pọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tí ó ké lánàá ni ó pa ọmọ jẹ? Irú ìrònú yìí náà ni àwọn aláṣẹ amúnisìn fi ti ẹ̀sùn wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òpìtàn kò lè dúró síbẹ̀.

Ìjẹ́rìí Dókítà Sapara

Ẹlẹ́rìí tí ó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òyìnbó. Oguntola Sapara ni, ẹni tí wọ́n bí ní Freetown ní 1861, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Iléṣà. Ó dé Èkó ní 1876, ó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1896 ó wọ iṣẹ́ dókítà ìjọba ní Èkó, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1928. Ó kú ní 1935.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ó wà nípa rẹ̀, Sapara fura pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú àjàkálẹ̀ Ṣọ̀pọ̀nná tí ó ń jà nígbà náà. Ó wọ inú awo náà bí ọ̀kan nínú wọn, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí ó jáde wá sọ ni pé àwọn àwòrò ń ha ara àwọn aláìsàn níbi tí ìléròrò wà, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n há kan ara ẹlòmíràn. Ìròyìn yìí wà lára ohun tí ó ti ìjọba láti fi òfin de ìsìn náà.

Kò tọ́ láti fojú kéré ìjẹ́rìí yìí. Dókítà ni Sapara, ó mọ àrùn náà dáadáa. Ọmọ Yorùbá ni, ó gbọ́ èdè àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ wọn. Kì í ṣe ẹni tí ó kórìíra ìṣègùn ìbílẹ̀, nítorí ó fara balẹ̀ kọ́ nípa ewé àti egbò. Ohun tí ó dáwọ́ lé kò sì kéré: ẹni tí ó bá wọ awo tí ó sì tú u, ó mọ ohun tí ó lè bá a. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ìjọba náà ni ó gba ìròyìn rẹ̀, ìjọba náà ni ó sì dájọ́. Ohùn àwọn àwòrò kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì ni àgbà òṣìkà.

Ìwọ̀n Ẹ̀rí

Lọ́nà kìíní, ṣé ohun tí wọ́n sọ ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe. Kòkòrò àrùn náà lè wà láàyè pẹ́ nínú èépá gbígbẹ, ó sì lè gba ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ wọ ara. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yìí kan náà jẹ́ ọ̀nà ìdáàbòbò. Kí Edward Jenner tó fi ìgbóná màlúù dán ìbupá wò ní 1796, àwọn ènìyàn ní apá púpọ̀ nínú ayé ti ń fi ọyún aláìsàn gbẹ́ ara ẹni tí kò ì ṣe é, kí ó lè ṣe é fẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Boston, Onesimus, ni ó ṣàlàyé ọ̀nà yìí fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, ó sì sọ pé ní ilẹ̀ òun ni wọ́n ti ṣe é fún òun. Nígbà tí àjàkálẹ̀ jà ní Boston ní 1721, Zabdiel Boylston ṣe é fún nǹkan bí 240 ènìyàn. 6 péré ni ó kú nínú wọn, nígbà tí iye òkú ní ìlú náà ju 800 lọ. Ìtàn Onesimus kì í ṣe ẹ̀rí lórí ilẹ̀ Yorùbá ní pàtó. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ó bá rí àwòrò tí ó ń fi ọyún kan ara ènìyàn kò tí ì mọ̀ bóyá ikú ni ó ń fún un tàbí ìyè. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tí wọ́n ṣe é fún lè ran ẹlòmíràn, kí àjàkálẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ibi lọ́kàn.

Lọ́nà kejì, ṣé àjàkálẹ̀ náà nílò oníṣẹ́ ibi kí ó tó lè tàn? Rárá o. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Ṣọ̀pọ̀nná máa ń jà jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, yálà àwòrò wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Nǹkan bí ọjọ́ 12 máa ń kọjá láàrin ìgbà tí ó wọ ara àti ìgbà tí ara gbóná. Ní àkókò yẹn aláìsàn ti lè ti ọjà kan dé òmíràn, kí àrùn wá bú jáde níbi tí kò sí ẹni tí ó rántí ibi tí ó ti kó o. Ẹrù òkú pàápàá lè tan àrùn láìjẹ́ pé ẹni tí ó gbé e mọ̀.

Lọ́nà kẹta, irú ẹ̀rí wo ni ó tó fún irú ẹ̀sùn yìí? Ọ̀ràn kan wà ní Àríwá Amẹ́ríkà tí ó lè ṣe òṣùwọ̀n. Ní oṣù kẹfà ọdún 1763, nígbà tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ dó ti Fort Pitt, odi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó wà nínú odi fún àwọn aṣojú wọn ní búláńkẹ́ẹ̀tì 2 àti ìnujú kan láti ilé ìtọ́jú àwọn tí àrùn náà ń ṣe. William Trent tí ó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ọjọ́ rẹ̀, ó sì kọ ìrètí rẹ̀ pé yóò ṣiṣẹ́. Ìwé owó tí wọ́n fi bèèrè iye àwọn ẹrù náà lọ́wọ́ ìjọba wà. Ní oṣù keje ọdún náà, ọ̀gá ogun Jeffery Amherst dámọ̀ràn irú ìwà kan náà nínú lẹ́tà. Ìpinnu wà níhìn-ín láti ẹnu àwọn tí ó ṣe é. Síbẹ̀ àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bóyá búláńkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ni ó fa ikú tí ó tẹ̀ lé e, nítorí àrùn náà ti wà ní àgbègbè náà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rí Fort Pitt bá ní ààlà, ti ilẹ̀ Yorùbá, tí ó dúró lórí ọ̀rọ̀ àwọn olùfisùn, ní ààlà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin àti Òpin Àrùn Náà

Òfin dé, ìsìn náà kò parun. Ó wọ abẹ́lé, ó ń lọ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ní Brazil, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń pè é ní Omolu, àti ní Cuba, níbi tí ó ti ń jẹ́ Babalú Ayé, òfin yìí kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwòsàn ni àwọn ènìyàn sì ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àrùn náà kò gbọ́ràn sí òfin lẹ́nu. Omi oògùn ìbupá ayé ìgbà náà máa ń bàjẹ́ nínú ooru, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rọrùn láti ṣòfin ju láti mú oògùn rere dé gbogbo abúlé lọ.

Ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni oògùn gbígbẹ tí ooru kò tètè bà jẹ́, àti ọgbọ́n ìṣọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, oògùn kò tó fún William Foege àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbègbè Ogoja. Wọ́n wá gbogbo aláìsàn kàn, wọ́n sì bupá fún àwọn tí ó yí wọn ká nìkan. Àrùn náà sì dá. Ọ̀nà yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà káàkiri. Oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni Nàìjíríà rí aláìsàn ìkẹyìn, tí ó sì jẹ́ ti gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, Ali Maow Maalin ṣe é ní Merca ní Somalia, ó sì yè. Òun ni ẹni ìkẹyìn tí ó kó o láàrin ìlú. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé àrùn náà ti tán láyé. Ọgbọ́n yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹbí bá ń fi aláìsàn pamọ́. Òfin tí ó sọ àwọn àwòrò tí ó mọ ilé aláìsàn di ọ̀daràn, ó ti àwọn tí ìbá ràn iṣẹ́ náà lọ́wọ́ jìnnà.

Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí kò dá gbogbo àwòrò láre. Ìjẹ́rìí Sapara dúró, ẹni tí ó bá sì ń jẹ èrè ikú lè di ẹni tí ń fa ikú. Ṣùgbọ́n láàrin pé ohun kan ṣeé ṣe àti pé ó ṣẹlẹ̀, àlàfo wà. Láàrin ìwà ẹnìkan àti ìwà gbogbo awo, àlàfo tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Orí fífo àlàfo méjèèjì yìí ni òfin náà dúró lé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tí ì di ti àtijọ́. Lónìí, ibi ìwádìí 2 péré, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Rọ́ṣíà, ni ayé gbà láàyè láti tọ́jú kòkòrò rẹ̀, ìbẹ̀rù sì wà pé ẹnìkan lè sọ ọ́ di ohun ìjà. Bí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá tún jáde, kí wọ́n wá ẹni tí àrùn ń ṣe kàn ná, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kí wọ́n tó wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi.