Èwo Ló Ṣáájú, Májèlé Tàbí Àtọ̀gbẹ?

Bí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ bá délẹ̀, oúnjẹ àti sísanra la máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan tún ń tọ́ka sí kẹ́míkà tó gba ẹnu tàbí imú wọ ara wa láìmọ̀, èrò tèmi sì ni pé ẹ̀rí wọn lágbára ju bí àwọn alátakò ṣe ń fojú wò ó lọ.

Pé kẹ́míkà lè ba ibi tí ara ti ń ṣe insulin jẹ́, ìyẹn ò lárìíyànjiyàn nínú. Vacor, májèlé eku tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1975, sọ àwọn kan tó gbé e mì tí wọn ò kú di alátọ̀gbẹ. Ní 1979, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ. Díẹ̀díẹ̀ tó ń wọlé láìpariwo ni ìjà wà lé lórí.

Àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fọ́n Agent Orange sórí igbó Vietnam kí ewé igi lè rẹ̀ dànù. Dioxin, kẹ́míkà olóró kan, wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tí dioxin pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láàárín àwọn ọmọ ogun náà ni àtọ̀gbẹ mú jù. Àwọn alátakò ní ẹ má tíì pàtẹ́wọ́: inú ọ̀rá ni dioxin ń sá pamọ́ sí, ara ẹni tó sanra kì í tètè lé e jáde, ẹni tó sanra náà ni àtọ̀gbẹ sì sábà máa ń mú. Fífọ́n parí ní 1971. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn dioxin inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun náà. Ìyókù ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe èyí tó wọlé. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Taiwan. Ní 1979, PCB, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń gbé ooru gba inú páìpù, jò sínú òróró tí wọ́n ń ṣe láti ara èèpo ìrẹsì. Nǹkan bí 2,000 èèyàn ló jẹ ẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú kan wà lára wọn. Irorẹ́ bo ojú wọn, èékánná wọn dúdú, àwọn aláboyún bí ọmọ tí awọ wọn ṣú. Ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní ọdún 24 lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí fi wọ́n wé aládùúgbò tí ọjọ́ orí wọn bá tiwọn mu. Ewu àtọ̀gbẹ láàárín àwọn obìnrin wọn tó ìlọ́po méjì. Ti àwọn obìnrin tí irorẹ́ náà mú ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Kò sẹ́ni tó lè ní sísanra ló pe PCB yẹn wá: abọ́ oúnjẹ ló gbé e dé, orúkọ sì ti wà nínú ìwé kí àìsàn tó yọjú. Ti ọkùnrin kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wọn, ẹnu àwọn èèyàn náà ni wọ́n sì ti gbọ́ pé dókítà rí àtọ̀gbẹ lára wọn. Ìyẹn dín agbára ẹ̀rí náà kù, kò pa á.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò jìnnà sílé. Ìròyìn ti jáde ní Nàìjíríà pé àwọn kan ń jí òróró tiransifọ́mà fà, tí ó ń dé inú agbada oníǹkan díndín. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní PCB. Ti àwọn tiransifọ́mà ògbólógbòó ni ká fura sí. Àdéhùn Stockholm, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fún àwọn orílẹ̀-èdè di 2028 láti palẹ̀ ìdọ̀tí PCB mọ́. Àwọn tó ń tú tiransifọ́mà palẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ká sì kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí tí àtọ̀gbẹ ò tíì mú wọn.