Ta Ló Ni Èéfín Yìí? Ìtàn Ìwádìí Afẹ́fẹ́ Nítòsí Ààrò Pàǹtírí

Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́ ààrò ńlá àkọ́kọ́ fún sísun pàǹtírí ìgboro, lọ́dún 1874. Ojú àti imú nìkan ni aráàlú fi ń ṣèdájọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n èéfín kì í dárúkọ ara rẹ̀: ti ààrò, ti ọkọ̀ àti ti igi ìdáná, inú afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń dà pọ̀ sí.

Lọ́dún 1973, Sheldon Friedlander ní California fi hàn pé a lè fi èròjà inú eruku mọ ibi tó ti wá. Àwọn olùwádìí a fi asẹ́ gba eruku náà, wọn a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Òjé, síǹkì, cadmium àti chlorine sábà máa ń tọ́ka sí pàǹtírí tí a sun, nítorí ike àti bátìrì inú rẹ̀. Potassium ń tọ́ka sí igi, bàbà àti barium sí bíréèkì ọkọ̀, vanadium sí epo dúdú inú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀kan ṣoṣo kò tó í jẹ́rìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọn a tún wo atẹ́gùn: bí èròjà bá ń pọ̀ kìkì nígbà tó bá fẹ́ láti ìhà ààrò, ẹ̀rí fìdí múlẹ̀ sí i.

Lọ́dún 1977, Kees Olie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí májèlé dioxin nínú eérú àti èéfín àwọn ààrò kan ní Netherlands. Lọ́dún 1989, ní Lickebaert nítòsí Rotterdam, èéfín ààrò bà lé koríko, màlúù jẹ ẹ́, dioxin sì wọ ọ̀rá inú wàrà. Ìjọba fòfin de títa wàrà agbègbè náà.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2000 wá sọ pé dioxin inú èéfín ààrò kò gbọdọ̀ ju nanogram 0.1 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Àwọn ààrò gba asẹ́ tó lágbára.

Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Stockholm lọ́dún 2001 ka ààrò pàǹtírí mọ́ orísun dioxin, ó sì ka pàǹtírí tí a ń sun ní gbangba mọ́ ọn. Ààrò tó bófin mu ní asẹ́. Iná ẹ̀yìnkùlé kò ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun àpò ọ̀rá àti ike nítòsí ibi tí ọmọ ti ń mí.